Ariwo ẹ̀rọ koríko ò jẹ́ kí n sùn: Màmá dá yín lóhùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lóṣù tó kọjá mo kàn ṣèèṣì mẹ́nu ba búlówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ewé tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn yẹn, pé ó dé sábẹ́ fèrèsé mi nígbà tí mò ń kọ̀wé sí yín. Háà, lẹ́tà tó tẹ̀lé e ò ṣe é kà tán. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Mo mú mẹ́rin níbẹ̀, mo gé wọn kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò kí n má lọ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ará ilé kejì.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Silver Spring ní Maryland là ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjìlá méjìlá. Mo máa ń délé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, kí n tó wẹ̀ kí n tó fi nǹkan sẹ́nu ó ti di mẹ́sàn-án, bí mo bá ṣe ń forí lé pílò báyìí, vùùùù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti ará ọ̀tún, Ọjọ́bọ̀ ti ará òsì, Jímọ̀ ti gbogbo ẹ́sítéètì. Ọkọ mi ní àṣejù ló ń dà mí láàmú, ó ní ṣé kì í ṣe èmi yìí náà ni mo sun oorun àsùnhanrun ní Muṣin tí I-better-pass-my-neighbour mẹ́fà ń ké lábẹ́ fèrèsé. Mo fẹ́ pe ọlọ́pàá, Màmá. Ṣé mo jẹ̀bi?

ÈSÌ: O ò jẹ̀bi, ọmọ mi, ṣùgbọ́n gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ. Kò parọ́, gbogbo wa la sun oorun yẹn, àmọ́ ó gbàgbé nǹkan kan. Jẹ́nẹ́ Muṣin, téèyàn bá ti fà á tó gbà, ohùn kan náà ló máa fi ké títí epo á fi tán, etí á mọ̀ ọ́n, ọpọlọ á gbà pé kò séwu, èèyàn á sùn lọ. Fáànù tó ń fẹ́ sí ẹ lára gan-an, òun ló ń gbé e ṣiṣẹ́, ariwo tó ń ṣeni lóore nìyẹn, kódà ìgbà tó bá dákẹ́ lójijì la máa ń ta jí. Búlówà ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé e kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ ó ń tú u sílẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀, ó ké dókè ó tún wálẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì yí ohùn padà ni ọpọlọ ń bi ara ẹ̀ pé kí tún nìyẹn. Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ ìyá I-better-pass ni, two-stroke yẹn náà, èyí tó jẹ́ pé wàá po ọ́ìlì mọ́ epo kó o tó dà á sí i, tó sì jẹ́ pé lára epo tó ń mu ló ń tú dànù láìjóná. Ó tún ní ìró kan tó rẹlẹ̀ nínú, bíi bẹ́èsì ilé ìnáwó tó o máa ń gbọ́ láti òpópónà kejì nígbà tó ò tíì mọ orin tí wọ́n ń kọ. Ìró tó rẹlẹ̀ yẹn ni ògiri àti gíláàsì ò lè dá dúró, ìdí nìyẹn tó o fi ti gbogbo fèrèsé pa tó ò sì rí ìyàtọ̀. Ka ibi yìí sí ọkọ ẹ létí.

Ó wá kan òfin. Silver Spring, abẹ́ Montgomery County ló wà, wọ́n sì ti fòfin de búlówà tó ń mu epo níbẹ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024 wọn ò gbọ́dọ̀ tà á mọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025 èèyàn ò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́. Washington DC tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti ṣáájú, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni tiwọn ti ń ṣiṣẹ́, owó ìtanràn ẹ̀ sì lè tó 500 dọ́là. Torí náà tó bá jẹ́ èyí tó ń mu epo ni wọ́n ṣì ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ, o lẹ́jọ́ lọ́wọ́, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá lo máa pè, nọ́ńbà 311 ti county, ìjọba ìbílẹ̀ yín, ni. Ṣùgbọ́n má tíì yọ̀ o, òfin yẹn ò kan mówà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko gan-an, kò sì kan búlówà tó ń lo bátìrì. Ní ti ariwo lápapọ̀, ohun tí òfin county yín ń pè ní ọ̀sán, aago méje àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi, ó di mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tó bá ti mówà jáde ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ti aago, kò ṣẹ̀. Ẹni tó ń sùn lóru ni wọ́n rò kí wọ́n tó kọ ọ́, ìwọ tó ń tọ́jú aláìsàn títí ilẹ̀ fi mọ́, wọn ò rántí ẹ. Ká sòótọ́, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnu lo máa fi ṣe é nìyẹn. Ará ọ̀tún ẹ ò mọ̀ pé alẹ́ lo fi ń ṣiṣẹ́, mọ́tò ẹ ló ń rí níta lọ́sàn-án gangan, bóyá ó ti rò pé wọ́n dá ẹ dúró níbi iṣẹ́. Lọ kàn án lẹ́nu ọ̀nà, lọ́jọ́ tó o bá sùn dáadáa o, má lọ lọ́jọ́ tójú ẹ pọ́n. Nǹkan kan ṣoṣo ni kó o bèèrè: ṣé wọ́n lè máa wá lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán. Má sọ pé kí wọ́n má gé koríko, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹ. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ẹ̀rọ yẹn kọ́ ló ń yan aago fúnra wọn, ọ̀gá wọn ló to ilé tẹ̀ léra fún wọn, ẹni tó ń sanwó ló lè ní kó yí i padà. Mo tún rí nǹkan kan nínú lẹ́tà ẹ: ará ọ̀tún ọjọ́ kan, ará òsì ọjọ́ kan. Tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lè gba onígékoríko kan náà, ọjọ́ kan náà ló máa ṣe ilé mẹ́ta, ó sì lè dín owó kù fún yín torí kò ní wa ọkọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ariwo ọjọ́ méjì á di ti ọjọ́ kan, ìwọ á wá lọ gba iṣẹ́ tí ò ní jẹ́ kó o wà nílé lọ́jọ́ náà. Ti ẹ́sítéètì, ìpàdé ni wàá lọ. Gbogbo wa là ń sá fún ìpàdé yẹn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pín wa bí ẹran.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti ṣe ti wèrè rí. Bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìró ni mo ró, mo da nẹ́ẹ̀tì borí, mo já síta lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fẹ́ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, mo pariwo tán pátápátá, ọmọ náà rọra yọ ohun tó fi bo etí, kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Òyìnbó tó gbọ́ ò sì pọ̀, Spanish ló ń sọ. Ó wá fi bébà kan hàn mí, orúkọ ẹgbẹ́ onílé tiwa ló wà níbẹ̀, owó tí mò ń dá lóṣooṣù ni wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́. Èmi ni mo sanwó ariwo tí mò ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà lé lórí! Mo wọlé lọ gbé omi tútù wá fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ni tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn láti àárọ̀ má jẹ́ ẹni tá a máa bú, ìdílé tiẹ̀ náà wà nílé.

Ní ti oorun ẹ, fóòmù tí wọ́n ń kì bọ etí ń ṣiṣẹ́ àmọ́ ọ̀pọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kì í. Yí i láàárín ìka títí á fi tín-ínrín, fi ọwọ́ kejì fa etí ẹ sókè, kì í wọlé dáadáa, dì í mú títí á fi wú. Èyí tó bá yọ síta dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn láì kọ́ ọ. Gbé fáànù onídùúró sí àárín ìwọ àti fèrèsé, jẹ́ kó máa ké, ohùn kan tí ò yí padà máa ń bo èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀ (ọkọ ẹ á ní ṣó o rí i, I-better-pass náà ni, dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni). Kọ́tìnì tó nípọn dáa fún ìmọ́lẹ̀ ju ariwo lọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń gbà wọlé ni ariwo ń gbà, ra rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí fèrèsé, dí gbogbo àlàfo. Tí yàrá ẹ̀yìn bá wà tí ò kọjú síbì kankan, kó àwọn ọmọ sí ti iwájú, kó o máa sùn lẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ Èkìtì ni mí, Houston ni mo wà. Lẹ́yìn iṣẹ́ àti ní Sátidé mo máa ń bá àwọn èèyàn gé koríko, mo ti ní oníbàárà mẹ́rìnlélógún. Obìnrin kan tí ilé ẹ̀ kọjú sí ti oníbàárà mi wá ń ya mí ní fídíò, ó ní èmi àti ẹ̀rọ mi la fẹ́ ya òun ní wèrè. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi wà nínú iṣẹ́ yìí. Ṣé kí n lọ ra ti bátìrì ni? Nǹkan mìíràn tún ni pé tí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, etí mi ń dún bí ìrẹ̀. Kò dẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ yìí ló fà á torí mo máa ń ki earphone bọ̀ ọ́, mo ń gbọ́ fújì.

ÈSÌ: Ẹ jẹ́ kí obìnrin oní-fídíò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, ìrẹ̀ tó ń dún létí yín ló dẹ́rù bà mí.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ariwo. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, sọ pé tí ariwo bá wà ní 85 dẹ́síbẹ̀lì, wákàtí mẹ́jọ ni kéèyàn lò níbẹ̀ mọ lójúmọ́. Tó bá fi mẹ́ta péré lé sí i, àkókò yẹn pín sí méjì: 88, wákàtí mẹ́rin, 91, wákàtí méjì, 94, wákàtí kan. Tó bá fi máa di 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Búlówà elépo tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, létí ẹni tó gbé e, lè tó 100 yẹn kó tún jù ú lọ. Ẹ wá ṣírò Sátidé yín. Ti fújì yẹn ló wá burú jù, torí kẹ́ ẹ tó lè gbọ́ fújì lórí búlówà, ẹ ti ní láti gbé e ga ju búlówà lọ, ariwo méjì lẹ kó sínú etí kan. Ohun tó ń gbọ́rọ̀ nínú etí èèyàn, tó bá ti kú, kì í hù padà. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò etí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sọ pé tí iṣẹ́ bá dín kù. Ẹ ra èyí tó ń bo gbogbo etí, wọ́n máa ń kọ NRR àti nọ́ńbà sára páálí ẹ̀, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń dènà tó, ẹ sì lè ki fóòmù sínú kẹ́ ẹ tó gbé e lé e. Fújì á dúró dè yín nílé.

Ní ti bátìrì, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín ní Texas. Ìpínlẹ̀ yín ṣòfin lọ́dún 2023 pé ìlú kankan ò gbọ́dọ̀ de ẹ̀rọ torí irú epo tó ń lò, nígbà tí Dallas ti ń múra láti ṣe tiẹ̀ lọ́wọ́. California ló yàtọ̀ pátápátá, mówà àti búlówà tuntun tó ń mu epo, tó bá jẹ́ pé láti 2024 ni wọ́n ti ṣe é, wọn ò fẹ́ kí wọ́n tà á níbẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ló sọ pé wákàtí kan tí búlówà àwọn oníṣẹ́ bá fi ṣiṣẹ́, ohun tó ń tú sáfẹ́fẹ́ tó ń di kùrukùru burúkú tó bí ìgbà téèyàn wa Camry fún 1,100 máìlì, láti Los Angeles dé Denver. Camry tí gbogbo wa ń wà yìí o! Ẹ̀yin lẹ sì ń kọ́kọ́ fà á símú.

Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì dáa, ó rọlẹ̀ púpọ̀, kò sì sí fífà kò gbà ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n búlówà ń mu bátìrì bí ọ̀mùtí ni, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin kì í pẹ́ kó tó kú, bátìrì tẹ́ ẹ máa fi rọ́pò sì lè wọ́n bí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí wọ́n fi ń gé etí ọgbà, ìyẹn ò mu tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pa owó ẹ̀ wọlé, ẹ ra búlówà bátìrì fún àwọn ilé tó fún pọ̀ mọ́ra, kẹ́ ẹ fi elépo sílẹ̀ fún àgbàlá ńlá tó jìnnà sí èèyàn. Kẹ́ ẹ tó rówó ẹ̀ náà, ìdajì ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ewé gbígbẹ ò nílò ìjì. Koríko tó bá bọ́ sí ojú títì nìkan ni kẹ́ ẹ fẹ́ kúrò, èyí tó wà láàárín ọgbà, ẹ fi sílẹ̀ kó jẹrà, ajílẹ̀ ni. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ilé tó wà níwájú obìnrin yẹn jẹ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀ Sátidé, ẹ fi ṣe ìkẹyìn.

Òun fúnra ẹ̀, ẹ lọ bá a lọ́jọ́ tẹ́ ò gbé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹ fún un ní nọ́ńbà yín, ẹ ní tó bá lálejò tàbí ara ẹ̀ ò yá, kó tẹ̀ yín láago, ẹ máa sún un sí ìrọ̀lẹ́. Tó bá tún ya fídíò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ juwọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àtijọ́ o, ìyáàfin. Ọmọ mi obìnrin ló bímọ, mo wá bá a tọ́jú ọmọ ní Atlanta, Ìbàdàn ni mo ti wá. Mo kàn fẹ́ bèèrè ni o: koríko tí ewúrẹ́ kan ò jẹ, tí àgùntàn kan ò jẹ, kí ló dé tí wọ́n ń gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ìgbà tí mo bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ tán tó sùn ni wọ́n máa ń dé.

ÈSÌ: Màmá, ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á wò ó. Ìbéèrè yín yìí, ogún ọdún ni mo ti ń bi ara mi.

Nílé tiwa, àgbàlá tó bá mọ́ ni èyí tí ilẹ̀ ẹ̀ hàn gbalaja, tí ilà ìgbálẹ̀ wà lára ẹ̀ láàárọ̀, koríko ẹ̀yìnkùlé, ejò la mọ̀ ọ́n mọ́. Tàwọn òyìnbó, ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí ò gbin nǹkan kan sí, ó ń fi hàn pé òun yó ni. Nígbà yẹn dòjé ńlá ni wọ́n fi ń gé e tàbí kí àgùntàn jẹ ẹ́. Lọ́dún 1830 ni Edwin Budding, ará Gloucestershire, ṣe mówà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ irun orí aṣọ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló wò tó fi rò ó pé èyí á lè rẹ́ koríko náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í, kò pariwo tó báyìí. Ní Amẹ́ríkà ó wá di pé ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì ní ẹgbẹ́ onílé tó máa ń kọ ìwé sí yín tí koríko bá ga ju bí wọ́n ṣe fẹ́, ẹ máa sanwó ìtanràn. Ọmọ yín ò ya wèrè, Màmá, ó ń gé e kí wọ́n má baà bu owó ìtanràn lé e ni.

Ọmọ tuntun náà, ẹ jẹ́ kó máa sùn ní yàrá tí ò kọjú síta. Tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bí òjò fún un, ẹ gbé e jìnnà sí i, ẹ yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀, ẹ má gbé e sínú béèdì ẹ̀. Kí ọmọ yín sì bi aládùúgbò léèrè ọjọ́ tí onígékoríko ń wá, kẹ́ ẹ ti ìwẹ̀ sí wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀. Ìwẹ̀ ìyá àgbà ò ní kó má ṣiṣẹ́ torí ó pẹ́ díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Jámánì ni mo ti ń kọ̀wé, Màmá. A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí n yára gé koríko kí òjò tó dé, kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí baba tó wà lókè fi wá kanlẹ̀kùn pẹ̀lú ojú líle. Kí ni mo ṣe? Ṣé mi ò tún ní gún iyán lọ́jọ́ Sọ́ńdè mọ́ ni?

ÈSÌ: O ṣẹ̀ ńlá, ọmọ mi. Òfin wọn tó ti wà láti 2002 sọ pé ní àdúgbò tí èèyàn ń gbé, kò gbọ́dọ̀ sí mówà rárá lọ́jọ́ Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ náà ni láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí méje àárọ̀ lọ́jọ́ tó kù. Ti búlówà tún le jù, aago mẹ́sàn-án sí ọ̀kan àti mẹ́ta sí márùn-ún nìkan ni wọ́n gbà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ra ọtí wáìnì kékeré kan lọ bá baba yẹn, ní o ò mọ̀. Nǹkan tó bá pariwo, Sátidé ni kó o ti ṣe é tán.

Odó kọ́ ni mówà o, mi ò rí i nínú òfin yẹn, àmọ́ baba yẹn, orí àjà ló wà. Tí iyán bá pọn dandan, Sátidé náà ni kó o gún un, kó o tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sábẹ́ odó. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ro àmàlà.